Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra géèmù "san iye tó wù ẹ́" rí, ẹ wá sọ bó ṣe rí

ỌmọWàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò kan ládùúgbò wa ló ń bá mi jiyàn nípa àwọn géèmù tí wọ́n máa ń dì pọ̀ tà, tí wọ́n á ní kóníkálukú san iye tó bá wù ú, ó ní gbájú-ẹ̀ ni, pé òyìnbó wo ló máa kó géèmù márùn-ún sílẹ̀ kó ní kí n dá iye fúnra mi, wọ́n fẹ́ jí nọ́ńbà káàdì èèyàn ni. Mo ní rárá o. Humble Indie Bundle àkọ́kọ́ táwọn Wolfire, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù, gbé jáde lóṣù karùn-ún 2010, World of Goo wà ńbẹ̀, Aquaria, Gish, Lugaru, Penumbra, séǹtì kan péré lẹ lè fi kó gbogbo ẹ̀ lọ tójú ò bá tì yín. Síbẹ̀ owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là! Nínú ẹ̀ ni wọ́n ti fún Child's Play tó ń kó géèmù àtohun ìṣeré lọ fáwọn ọmọdé tó wà lọ́sibítù, wọ́n fún Electronic Frontier Foundation náà, àwọn tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwa tá à ń lo íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tó ń rà á ló máa pín owó náà fúnra ẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ sanwó, wọ́n fa ìlà síbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi máòsì tì síwá sẹ́yìn, ọ̀kan tàwọn tó ṣe géèmù, ọ̀kan tàwọn aláàánú, ọ̀kan tàwọn tó ń tà á, tẹ́ ẹ bá ti ti ọ̀kan síwájú àwọn tó kù á dín kù. Bí ìgbà téèyàn ń pín ẹran iléyá ló rí, ti ilé, ti ẹbí, ti tálákà.

Wàhálà tiwa kọ́ ni iye owó, ọ̀nà tówó máa gbà débẹ̀ ni. MoMo, owó orí fóònù, wà lọ́wọ́ gbogbo wa, títí dórí ìyá tó ń ta àkàsà, ṣùgbọ́n káàdì làwọn yẹn ń bèèrè. Mo lọ gba èyí tí wọ́n ń rowó sí ní báńkì kan, owó tí wọ́n gbà lórí káàdì nìkan ju owó géèmù lọ, mo wá fẹ́ fi san dọ́là 3, ó kọ̀, mo padà lọ bá wọn, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ò tiẹ̀ wojú mi, ó ní kí n ṣe sùúrù, rẹ́sò (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni. Ìgbà tó fi máa gbà, wọ́n ti kó ìdì géèmù yẹn kúrò nílẹ̀, torí bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń fi tà á.

Ẹ sọ tiyín.

ÌyáÌbejì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ti itch.io, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta géèmù, lèmi mọ̀, èyí tí wọ́n ṣe lóṣù kẹfà 2020 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd l'Amẹ́ríkà. Dọ́là 5 ló kéré jù, nǹkan tó wà nínú ẹ̀ lé ní 1,700, owó tí wọ́n rí lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là, NAACP Legal Defense Fund, àwọn agbẹjọ́rò tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tí wọ́n kó o fún. Àbúrò mi tó wà ní Fáráńsé ló bá mi san án, èmi náà fowó rẹ̀ ra gààrí ránṣẹ́ sí i.

Àmọ́ ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa wọlé o! Ojú ewé lórí ojú ewé ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa tẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún yín, mẹ́gà íntánẹ́ẹ̀tì mi sì ń jó lọ. A Short Hike ni mo kọ́kọ́ gbà torí kò wúwo, ẹyẹ kan ló ń gun òkè, àwọn ìbejì ń já kíbọ́ọ̀dù gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, Kẹ́hìndé ní òkè wo nìyẹn, pé tiwa tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí ga jù ú lọ. Celeste dé ìdajì, iná lọ.

Akaba_Kétu

Fọ̀fó, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ló ń ra géèmù ní Kétu? Kílé USB la fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Machinarium tí wọ́n tà nínú ìdì Humble kejì, lórí kílé lèmi ti rí i, mi ò sì rí géèmù tó bá wa mu tó yẹn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, àwòrán ni wọ́n fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ọmọ tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ò gbọ́ Faransé á jókòó tì í á máa fa róbọ́ọ̀tì kékeré yẹn gùn, á tún tẹ̀ ẹ́ kúrú. Wọn ò tì í pa pé ká má dà á kọ, kò nílò kọ́nẹ́ṣọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wá wà ńbẹ̀?

ỌmọWàndó

Àbúrò, ìwọ nìkan kọ́. Wolfire fúnra wọn ṣírò ẹ̀ pé ó lé ní ìdá mẹ́rin ẹ̀ kan tí wọ́n gbà lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà àkọ́kọ́ yẹn, séǹtì kan náà ni wọn ò fẹ́ san o! Àwọn tó ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà dípò Windows, táyé ń pè ní ahun, àwọn gan-an ló san jù.

Akaba_Kétu

Séǹtì kan ò tó 10 sẹ́fà. Kí wọ́n gba MoMo kẹ́ ẹ wò ó bóyá mi ò ní san 500.

BàbáLáyé (Àjàṣẹ́)

Ẹ tún rántí pé IGN, iléeṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn géèmù jáde, ra Humble, àwọn tó ń ta ìdì yẹn, ní 2017. Nígbà tó di 2021 wọ́n fẹ́ yọ ìlà tí wọ́n fi ń pín owó yẹn kúrò pátápátá, àwọn oníbàárà pariwo, wọ́n dá a padà, àmọ́ wọ́n ní àwọn fúnra wọn gbọ́dọ̀ mú 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Òwò ni, kí la fẹ́ ṣe. Èmi ṣì ń rà á.

ỌmọWàndó

Akaba, káàdì mi ti ń ṣiṣẹ́. Fi 500 rẹ ránṣẹ́, màá fi kún un ra èyí tó bá jáde, kóòdù ẹ á wọlé sí ẹ. Báwo ni kí n ṣe pín owó náà?

Akaba_Kétu

Ẹ ṣé, fọ̀fó. Ìdajì fáwọn ọmọ ọsibítù, ìdajì fáwọn tó ṣe géèmù. Àwọn tó ń tà á ò gbọ́dọ̀ rí kọ́bọ̀.

ỌmọWàndó

O ò ka ohun tí Bàbá Láyé kọ sókè ni? 15.

Akaba_Kétu

Ó dáa, kí wọ́n máa gba 15 wọn. Mo ti ń fi MoMo náà ránṣẹ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ti wọlé.