Òdòdó pupa tí mo hú lórí Òkè Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe hú òdòdó kan lórí Òkè Ìdànrè, tó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má bú mi o.

Oṣù kìíní ni mo kọ́kọ́ gun òkè yẹn, èmi àtàwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Àkúrẹ́, nínú ọyẹ́, ètè gbogbo wa ti bó. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ 667, èmi ò tíì ka igba tí mo ti ń wá ibi jókòó. Lókè lọ́hùn-ún, níbi táwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní 1923, koríko kan wà lára àpáta, ó gbẹ, ó dúdú bí ìgbálẹ̀ tí iná rà, mo ní èyí ti kú. Bàtà mi wá yọ̀, mo dì í mú, kò hú! Òun ló gbà mí.

Ìparí oṣù kẹta mo mú àbúrò mi tó wá láti Èkó lọ, òjò ò tíì rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ha! Koríko ọjọ́sí ti tutù yọ̀yọ̀, ewé tó dúdú yẹn náà ló padà di tútù o, kì í ṣe pé òmíràn hù. Bọ̀ọ̀dá tó ń mú wa lọ kàn rẹ́rìn-ín, ó ní "ó sùn ni, kò kú."

Ibi tí àpáta ti là la ti rí òdòdó ọ̀hún. Pupa rokoso, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi irun búrọ́ọ̀ṣì ṣe, kò sì ní ewé kankan, òjò àkọ́kọ́ ló máa ń fi yọ, ewé á tẹ̀lé e lẹ́yìn. Google pè é ní Scadoxus multiflorus, ó ní májèlé wà nínú ẹ̀. Àbúrò mi ya fọ́tò. Èmi ọlọ́wọ́ yíyá, mo dúró kí bọ̀ọ̀dá yẹn kọjá síwájú, mo hú u tìdí-tìdí, ìdí ẹ̀ rí bí àlùbọ́sà, mo kó o sí báàgì.

Mo gbìn ín sínú ike ọ̀dà nílé, ó yọ ewé dáadáa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ewé rọ, mo ṣe bí òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí i, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ sinmi ni. Oṣù kẹta pé, kò yọ. Mo da ike náà sílẹ̀, ó ti jẹrà, ó ń rùn.

Ẹni tó bá gòkè lẹ́yìn òjò ọdún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí àpáta ti là yẹn, kí ẹ tó dé ààfin àtijọ́, bóyá òmíràn ti yọ níbẹ̀.