Àwọn àwo rọ́ọ̀kì yẹn: mo ti gbọ́ wọn tán

Ẹ kú àmọ̀ràn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo béèrè nígbà yẹn pé ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ nínú páálí àwo rọ́ọ̀kì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó fún mi. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí.

Band on the Run, àwo Paul McCartney àti Wings, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, ló gbà mí lọ́kàn jù. Èkó ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá. Ẹ fetí sí orin àkọ́kọ́: ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó le díẹ̀, àfi bí ohùn gbogbo ṣe bú jáde, tí gìtá sì gbà á lọ. Léraléra ni mo ń gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ onílù Ginger Baker ní Ìkẹjà ni wọ́n ti gba orin kan nínú rẹ̀. Baker yìí náà ló bá Fela lùlù nínú àwo Live! ti 1971, àwo yẹn náà sì wà nínú páálí! Ìlù yẹn kì í jẹ́ kí n jókòó.

The Dark Side of the Moon, àwo ẹgbẹ́ Pink Floyd, dára, àmọ́ òru ló yẹ ẹ́.

Ẹni tó ní kí n máa nu eruku àwo kí n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ ṣeun gan-an. Ariwo ṣàà-ṣàà yẹn ti lọ sílẹ̀. Mo ti rí ìdáhùn mi.