Béèsì tí mo tà ní 2009 ti padà wálé, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbọ́ràn mọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ má bínú tó bá gùn.

Páńẹ́lì-bítà ni mí ní Àsẹ̀rò, l'Abẹ́òkúta níbí, ọmọ ọdún 46 ni mí. Kí iṣẹ́ yìí tó gbà mí lọ pátápátá, ẹgbẹ́ jùjú kan ni mo ti ń ta gìtá béèsì, a lọ Ìlaròó, a lọ Ìfọ̀, a lọ Ṣágámù, òde ìnáwó wo la ò dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ta béèsì láyé mi ṣá, àkọ́kọ́ ni ti orin, ìkejì ni ti owó. 2009 ni ti owó yẹn, ìyàwó mi fẹ́ bí àkọ́bí wa, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe fún un, kò sówó nílé, mo gbé e lọ fún ọkùnrin kan ní Kútọ̀, ó kà 18,000 lé mi lọ́wọ́. Mi ò sunkún o, àmọ́ odindi ọdún kan ni mi ò fi yọjú sí òde ìnáwó kankan.

Oṣù tó kọjá ni ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Láfẹ́ńwá gbé bọ́ọ̀sì wọn wá fún mi, ìdí ẹ̀ ti wọlé. Mo ṣe é tán, mo dá a padà fún wọn, wọ́n ní kí n dúró díẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kẹ́rù sí kí wọ́n fi lọ mówó wá. Báyìí ni mo rí gìtá kan tó fara ti ògiri láàrin àwọn àga oníke tó ti kán. Kì í ṣe gìtá yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ o, bóòtì ìdí ẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì èjìká kọ́, bóòtì ọ̀kadà nọ́ńbà 10 ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi sí i nígbà tí tara ẹ̀ já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú agbo ní Ìlaròó, mo sì fi fáìlì gé orí ẹ̀ kó má baà máa ya mí láṣọ. Mo fọwọ́ kan apá òsì ẹ̀, ó ṣì rí ṣákaṣàka díẹ̀ bí mo ṣe gé e sílẹ̀. Ara mi gbọ̀n.

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó, kí n yọ 35,000 nínú owó iṣẹ́ mi kí n máa gbé e lọ. Mo dé ilé, ìyàwó mi wò ó, ó ní "orogún mi ti dé."

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ọrùn ẹ̀ ti tẹ̀, okùn ga sókè débi pé ọmọ ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ abẹ́ ẹ̀, tí mo bá sì yí nọ́ọ̀bù báyìí ṣe ló ń dún ṣààà bí rédíò tí kò rí ìkànnì mú. Èyí tó wá dùn mí jù ni ọwọ́ mi. Ọwọ́ tó ń gbá páànù mọ́tò látàárọ̀ dalẹ́, mo ta béèsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ìléròrò ti yọ lórí ìka méjì! Orin tí mo máa ń fojú dídì ta tẹ́lẹ̀, mo gbé e sórí fóònù kí n lè tẹ̀lé e, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn béèsì inú ẹ̀, bóyá etí mi náà ti ń lọ. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tiwa sì ti gbọ́ o, ó ní ìdúpẹ́ wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n wá ta á lọ́jọ́ náà. Ṣé kí n gbà àbí kí n dákẹ́ jẹ́jẹ́?

Ọmọ Ìjemọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire! Ẹ gbà o jàre, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rìn tẹ́lẹ̀ kì í gbàgbé ẹsẹ̀.

Béèsì Aké: Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ páńẹ́lì-bítà mú ọrùn yẹn, mo mọ̀ yín, ẹ máa fẹ́ gbá a. Irin kan wà nínú ọrùn gìtá látòkè délẹ̀, truss rod là ń pè é, bí okùn ṣe ń fa ọrùn síwájú ni irin yẹn ń fà á sẹ́yìn. Gìtá tí ooru ti mú, tí ọyẹ́ ti mú, tí kò sẹ́ni tó wò ó, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún ohùn ẹ̀ ṣe, E A D G látorí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, torí ọrùn tí okùn ẹ̀ dẹ̀ ò lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ wá tẹ okùn tó nípọn jù mọ́lẹ̀ ní fret àkọ́kọ́ (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní fret tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ ní nǹkan bíi fret keje. Tó bá jẹ́ káàdì rìsáàjì ló gba ibẹ̀ tímọ́tímọ́, ó dáa. Tí káàdì ATM bá ń kọjá geere, ó ti tẹ̀ jù. Ẹ fi Allen key yí irin yẹn sápá ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin yípo péré, kì í ṣe nọ́ọ̀tì táyà o! Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tún wò ó. Tó bá le, ẹ má fipá mú un, tó bá já sínú ọrùn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Ríwáyà Ọbáńtọ́kò: Ti nọ́ọ̀bù yẹn ò le, ìdọ̀tí ló wọnú ẹ̀. Contact cleaner tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń lò ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fọ́n díẹ̀ sínú ihò kékeré ara ẹ̀ láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ yí i lọ yí i bọ̀ bí ọgbọ̀n ìgbà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. WD-40 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ẹ fi sílẹ̀ fún bóòtì. Ṣé ó ní bátìrì nínú? Tó bá ní, ẹ máa yọ wáyà kúrò tẹ́ ẹ bá ti ṣeré tán, torí wáyà tẹ́ ẹ bá fi sí i lára ló ń jẹ bátìrì yẹn.

Ẹni tó béèrè: Kò ní bátìrì o. Nọ́ọ̀bù mẹ́ta ni, vọ́lúùmù méjì, tóònù kan.

Béèsì Aké: Ìrísí Jazz Bass nìyẹn, èyí tí Fender gbé jáde ní 1960, gbogbo ayé ló ń ṣe irú ẹ̀. Etí yín ò lọ níbì kankan, ẹ̀gbọ́n. Okùn E tó nípọn jù yẹn, nǹkan bíi 41 Hz lohùn ẹ̀ (ó ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), sípíkà fóònù kékeré ò lè gbé e. Ẹ fi íapíìsì gbọ́ ọ, ẹ máa rí i pé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Tí app tí ẹ fi ń tún ohùn ṣe náà ò bá gbọ́ okùn yẹn, ẹ rọra fọwọ́ bà á lókè fret kejìlá láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ta á, ohùn ẹ̀ á gòkè, app á mú un.

Ní ti ìka, àtẹ́lẹwọ́ ni hámà ń mú le, kò débi orí ìka. Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, 15 lálẹ́, tí ìléròrò bá ti yọ ẹ sinmi kó gbẹ. Ẹ sì máa tẹ okùn mọ́ ẹ̀yìn fret tímọ́tímọ́, ẹ ò ní nílò agbára tí ẹ ń lò yẹn.

Ìyá Ìbejì Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ó gbìyànjú. Orogún tiyín tiẹ̀ ṣèèyàn, tí ẹ ò bá so ó mọ́ sípíkà, ará ilé kejì ò ní gbọ́. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni bàbá ìbejì ń fọn, aago márùn-ún ìdájí! Ẹ ra nǹkan fún ìyàwó yín kẹ́ ẹ tó ra okùn tuntun, èmi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Alápàlà: Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi Hz sílẹ̀ díẹ̀. Kí béèsì oníná tó dé ilẹ̀ wa, agídìgbo ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, àpótí onírin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Gbé àwo Haruna Ishola kan, má wo ìlù, má wo orin, agídìgbo nìkan ni kó o fetí sí, kó o máa fi béèsì ẹ ta ohun tó ń sọ. Kò yára, kò sì fò kiri, ibì kan náà ló ń tẹ̀ títí ara á fi máa yá ọ. Ọjọ́ mẹ́wàá lo máa fi ṣe é, ọwọ́ ẹ á rántí.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an sà. Mi ò ronú kàn án rárá.

Gìtá Sàpọ́n: Èmi ò fara mọ́ "ẹ gbà" yẹn o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti sùn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lọ ta ìdúpẹ́ wákàtí mẹ́rin, ọrùn ọwọ́ á máa dùn ún fóṣù kan. Ẹ gba orin méjì péré, àwọn orin tó ń rọra lọ, kẹ́ ẹ fi ìyókù lé ọmọ tó ń ta á lọ́wọ́lọ́wọ́ lọ́wọ́. Àbí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?

Ọmọ Ìjemọ̀: Ọ̀rọ̀ yẹn náà ò burú, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ díẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú àárọ̀ o, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mo ti yí irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì, káàdì ATM ò kọjá mọ́. Nọ́ọ̀bù ti dákẹ́, ìka kan ṣoṣo ló ṣì ń ta mí. Mo ra léèsì fún ìyàwó mi kí n tó ra ohunkóhun, lálẹ́ ọjọ́ yẹn òun fúnra ẹ̀ ló ní "o ò ta orogún mi lónìí ni?" Orin méjì ni mo gbà. Ọmọ tó ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé mi lánàá ká jọ dán an wò, ọmọ dáadáa ni, ó ní òun ní bọ́tìnnì tuntun fún bẹ́líìtì, kí òun bá mi yọ bóòtì ọ̀kadà yẹn. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Ó ku okùn. Èyí tí ìnípọn ẹ̀ jẹ́ 45 sí 105 ni mo ń wá, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí i ní Abẹ́òkúta láì dé Èkó?

Béèsì Aké: Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá, á dín owó ẹ̀.