Instance mélòó ló yẹ kí n gbé sórí sáfà kan?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà kan ló wà lọ́wọ́ mi, RAM rẹ̀ jẹ́ 64 GB, PostgreSQL (ètò tó ń bójú tó dátábéèsì) ni mo sì ń lò. Áàpù mẹ́rin ló máa jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní instance tirẹ̀ (ìyẹn PostgreSQL tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀), kí wọ́n má baà máa yọjú sí dátà ara wọn. Èmi ní instance kan pẹ̀lú dátábéèsì mẹ́rin ti tó. Ta ló jàre?

Èsì
Ìwọ lo jàre, àbúrò, ṣùgbọ́n má tíì lọ bá ọ̀gá rẹ jà. Instance kọ̀ọ̀kan ló máa ní shared_buffers (ibi tó ń kó dátà sí nínú RAM), WAL (àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà), checkpointer (tó ń kọ àyípadà sí dísìkì) àti autovacuum (tó ń gbá ìdọ̀tí inú tébù) tirẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin RAM la máa ń kọ́kọ́ yà fún shared_buffers. Ìyẹn 16 GB. Ṣe é lọ́nà mẹ́rin, RAM tán pátá! Tí o bá sì pín in ní 4 GB, 4 GB, èyí tó ń sùn ò ní yọ̀ǹda tirẹ̀ fún èyí tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Nínú instance kan, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló máa lò ó.

Ti yíyọjú yẹn, fi REVOKE gba CONNECT (àṣẹ láti wọlé) lọ́wọ́ PUBLIC (ìyẹn gbogbo aṣàmúlò) lórí dátábéèsì kọ̀ọ̀kan, torí PUBLIC ló ní àṣẹ yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kí o tún pg_hba.conf ṣe, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé.

Èsì
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ bákọ́ọ̀pù ńkọ́? Tẹ́nì kan bá pa tébù rẹ́ láago méjì, tí ẹ fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà ṣáájú, gbogbo instance ni PITR (dídá dátà padà sí àkókò kan pàtó) máa dá padà, kì í ṣe dátábéèsì kan.

Èsì
Òótọ́ ni. Ibòmíì ni wàá ti dá a padà, kí o wá fi pg_dump fa ẹyọ kan yẹn jáde. Wàhálà ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ kọ́. Ohun tó lè mú mi ya instance sọ́tọ̀ ni bí áàpù kan bá nílò ẹ̀yà PostgreSQL mìíràn.

Oníbéèrè
Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yà 14 nìkan ló gbà.

Èsì
Ó di méjì nìyẹn. Tó bá jẹ́ Linux Debian ni sáfà rẹ ń lò, pg_createcluster, àṣẹ tó ń dá instance sílẹ̀, máa wá pọ́ọ̀tù tó ṣófo fún ìkejì, 5433 lọ́pọ̀ ìgbà. Fún un ní shared_buffers kékeré, kí o sì ṣọ́ dísìkì, nítorí instance méjì kò sọ dísìkì kan di méjì.