Ọjà Hansan ní Kòríà: kí ló mú àwọn tó ń hun mosi dúró títí di òní?

Ọmọ Ahunṣọ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kà nípa ọjà Hansan, ní agbègbè Seocheon ní Gúúsù Kòríà, níbi tí wọ́n ti ń ta mosi, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi èèpo ewéko ramie hun, tí wọ́n sì ń wọ̀ nígbà ooru. Ní ọdún 2011 ni àjọ UNESCO fi iṣẹ́ náà sínú àkójọ àjogúnbá aráyé. Nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ ti kún ìgboro, tí ramie olówó pọ́ọ́kú sì ń wọlé láti Ṣáínà, ṣé ọjà ló ṣì ń bọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni, tàbí owó ìjọba? Òfì ni ìyá bàbá mi fi tọ́ bàbá mi, kò sì sí ẹni tó ń jókòó sídìí rẹ̀ mọ́ nílé wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára.

Àdùkẹ́ Aláṣọ dáhùn pé:

Ọjà ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kẹfà nínú oṣù ni wọ́n ń ná ọjà Hansan, lẹ́yìn náà 11, 16, 21 àti 26. (Kò rí bí ọrọọrún tiwa, tí a máa ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni tiwọn fi ń yípo.) Ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ni ìsọ̀ mosi máa ń ṣí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀: ẹnìkan lè gbé èèpo tí a ti bó wá, ẹlòmíràn á gbé òwú tí a ti so pọ̀ wá, ẹni tó ní òfì á sì ra òwú náà lọ hun. Nípa bẹ́ẹ̀, obìnrin tí kò ní òfì, tàbí tí ọjọ́ orí kò jẹ́ kó lè hun mọ́, ṣì ń rí owó nínú iṣẹ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn dáhùn pé:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fojú kéré ìjọba. Òfin ọdún 1962 ló jẹ́ kí Kòríà lè fi oyè dá àwọn tó mọ iṣẹ́ àbáláyé mọ̀, kí wọ́n sì máa san owó fún wọn lóṣooṣù kí wọ́n lè kọ́ ẹlòmíràn. Ọdún 1967 ni mosi Hansan wọ inú àkójọ iṣẹ́ àbáláyé tí òfin náà ń dáàbò bò.

Àdùkẹ́ Aláṣọ tún dáhùn pé:

Mi ò kọ̀ ọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n ahunṣọ kan tó gboyè kò lè nìkan ṣe gbogbo òwú tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Eyín ni wọ́n fi ń la èèpo náà sí fọ́nrán tín-ín-rín, tí ètè á máa bó, tí eyín á sì máa jẹ. Itan ni wọ́n sì fi ń yí fọ́nrán pọ̀ mọ́ra, pẹ̀lú itọ́ ẹnu. Nígbà tí wọ́n bá na òwú náà tán fún híhun, wọn á fi ẹ̀wà sóyà kùn ún, wọn á sì mú un gbẹ lórí iná ìyàngbò. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òwú á máa já, nítorí náà inú yàrá tí a gbẹ́ wọlẹ̀, tó tutù, ni wọ́n ti ń hun ún. Èmi rò pé ẹ̀ka lílà yìí ni ó yẹ kí ìjọba fi owó ràn jù, torí àwọn àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nídìí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ fi eyín wọn ṣe é.

Ọmọ Ahunṣọ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Títí di òní yìí, ẹni tó ń hun ún nìkan ni mo ń rò. Lọ́la, màá béèrè lọ́wọ́ bàbá mi ẹni tó máa ń ran òwú fún ìyá wọn.