Ẹ má pè é ní "ìbọn kékeré"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò ní Ọ̀yọ́ bi wá léèrè bí òun yóò ṣe sọ ọ́ pé àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n gba ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta rimfire láyè nínú ìdíje practical shooting, èyí tí wọ́n ti ń sáré kiri yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó pe ìbọn náà ní "ìbọn kékeré", kó sì pe ìdíje náà ní "ìdíje ìbọn tó wúlò". Ọ̀pọ̀ ló ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò lè fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi.

Ibi tí ọta ti ń gba iná ni rimfire ń sọ, kò kan bí ìbọn ṣe tóbi tó. Kòròfo kátíríìjì ìbọn ọdẹ kan wà níwájú mi níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí ọdẹ àdúgbò wa ti yìn. Tí ẹ bá dojú ìdí rẹ̀ sókè, ẹ óò rí ohun róbótó kan ní àárín gbùngbùn, ó ti jìn wọnú díẹ̀. Ibẹ̀ ni irin ṣóńṣó inú ìbọn ti lù ú tí iná fi ràn mọ́ ẹ̀tù. Ọta .22, tó jẹ́ rimfire, kò ní ohun róbótó yẹn, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Inú etí idẹ tó yí ìdí rẹ̀ ká ni ohun tó ń gbaná wà, etí yẹn náà ni irin ń lù. Tí wọ́n bá yìn ín tán, àpá kékeré á wà létí ibẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná tẹ ẹ̀bà.

Nítorí náà, "ọta agbaná-létí" ni mo fi sílẹ̀ fún rimfire, kí èkejì rẹ̀ máa jẹ́ "ọta agbaná-láàárín". Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó sì rí ọta méjèèjì á mọ èyí tó jẹ́ èwo láìbi ẹnikẹ́ni.

Orúkọ yìí tún ń sọ ohun tí "kékeré" ò lè sọ. Etí idẹ yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kí irin tó lè tẹ̀ ẹ́. Idẹ tó fẹ́lẹ́ ò sì lè gba ẹ̀tù tó lágbára púpọ̀, bíbẹ́ ni yóò bẹ́. Ibi tó ti ń gbaná gan-an ni kò jẹ́ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Tó bá jẹ́ ti fífẹ̀ ni, ọta .22 fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 5.6, ọta ìbọn M16 táwọn ṣọ́jà ń gbé kò sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni nínú wa ni yóò pe M16 ní ìbọn kékeré? Ọta .22 yìí kan náà ni wọ́n ń yìn nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ àyìnyára ti mítà 25 ní Òlíńpíìkì, ìbọn tí wọ́n sì fi ń yìn ín kún ọwọ́ dáadáa.

Ẹ wá wo ohun tó fa àríyànjiyàn náà. Ọdún 1976 ni wọ́n dá IPSC, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje yìí kárí ayé, sílẹ̀ ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri, Jeff Cooper sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ Látìn mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé: Diligentia, Vis, Celeritas. Kí ọta ba ibi tí a fojú sùn, kó ní agbára, kó sì yá. Wọ́n ń wọn agbára ọ̀hún o. Wọ́n á mú ìwúwo ọta ní grain, ìyẹn òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta, wọ́n á fi iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á wá fi 1,000 pín in. Ọta mílímítà 9 tó wúwo tó 124, tó ń sá eré 1,050, á fún wa ní 130. Ààlà tó kéré jù ni 125, ó ti kọjá. Ọta .22 tó wúwo tó 40, tó ń sá nǹkan bí 1,000 láti ẹnu ìbọn ìléwọ́, 40 péré ni. Kò tiẹ̀ dé ìlàjì. "Ìwọ̀n agbára ọta" ti tó fún èyí, kò yẹ ká dá orúkọ mìíràn.

Àwọn tó fẹ́ ẹ ní ọta náà kò wọ́n, ìbọn rẹ̀ kì í ta èèyàn lọ́wọ́, ọmọdé àti àgbàlagbà lè fi kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn tí kì í tani lọ́wọ́ náà ló ń jẹ́ kí ẹni tó dì í mú tètè yin ìkejì. Àwọn irin kan sì wà tó gbọ́dọ̀ ṣubú kí máàkì tó wọlé; ọta .22 lè bà wọ́n gbàǹ kí wọ́n dúró gbagidi. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fún un ní ìsọ̀rí tirẹ̀ bí wọ́n ti ṣe nínú ìdíje ìbọn mìíràn tó ń jẹ́ Steel Challenge, níbi tó jẹ́ pé kí ọta ṣáà ti ba irin ni, kò pọn dandan kó ṣubú. Bí a bá wá kà á lórí rédíò pé "wọ́n kọ ìbọn kékeré", ìyà mẹ̀kúnnù ni olùgbọ́ máa rò.

Lórí "tó wúlò": ìbọn wo ni kò wúlò fún ẹni tó ni ín? Ohun tó ya ìdíje yìí sọ́tọ̀ ni pé wọn kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, wọ́n ń yìn, aago sì ń ka àkókò wọn. "Ìdíje àsáréyìnbọn" ni mo fẹ́. Bí àwọn baba wa ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ nìyẹn, nípa ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́. Ìró ìbọn ló sọ ogun 1877 sí 1893 di Kírìjì.

Ẹnì kan ní kí la fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe, nígbà tí òfin ìbọn ọdún 1959 kò gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Etí la fi ń gbọ́ ìròyìn, ó sì yẹ kó yé ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ó ku irin tó ń ṣubú yẹn, popper. "Irin àlùṣubú" ni mo ń pè é. Bí ẹ bá ní èyí tó rọrùn láti pè ju ìyẹn lọ ní Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ẹ tètè fi ránṣẹ́, Sátidé ni àbúrò wa máa ka ìròyìn náà.