Kí ni kí n tẹ́ sábẹ́ ejò erè mi?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Erè kékeré ni mo ń sìn nínú àpótí. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò fẹ́ fún mi ní lẹ́búlẹ́bú pákó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ó dáa?

Ọdẹ Kétu: Má gbà á o, àbúrò. Eruku rẹ̀ á dí i ní èémí, á sì lẹ̀ mọ́ eku tó bá fẹ́ gbé mì. Èèpo àgbọn ni kó o wá. Fà á ya wẹ́wẹ́, sè é, sá a kó gbẹ, kó o tó wọ́n omi díẹ̀ sí i. Tó o bá fún un tí omi ń kán, ó ti pọ̀ jù, ìpẹ́ ikùn rẹ̀ á jẹrà.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìwé ìròyìn ni kó o kọ́kọ́ tẹ́, wàá tètè rí kòkòrò ara rẹ̀. Kò rẹwà, àmọ́ ejò ò mọ ọ̀ṣọ́!